Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Pe Ọmọ Rẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, òfin kan wà ní ìlú wa tí n kò tíì gbọ́ pé ó wà ní ìlú mìíràn. Bí agogo ilé ìwé bá ń dún láìdákẹ́, gbogbo òbí tó bá wà nílé gbọdọ̀ sáré wá, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe ọmọ rẹ̀. Ìyá kò gbọdọ̀ dárúkọ, bàbá kò gbọdọ̀ súfèé, ìyá àgbà kò gbọdọ̀ fi oríkì pe ọmọ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lè máa rẹ́rìn-ín, kí ẹ ní irú òfin wèrè wo nìyí. Ẹ ṣe sùúrù fún mi. N kì bá tí sọ ọ́, bí kò ṣe ohun tí mo fojú ara mi rí níwájú ilé mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí kò jẹ́ kí n gbádùn oorun láti ìgbà náà.

Ìlú wa kò tóbi. Àárín Fìdítì àti Ìlọrà ló wà, ó yà kúrò lójú títì díẹ̀. Àwọn ará Fìdítì ń fi ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó yangàn, àwọn ará Ìlọrà ń fi iṣu yangàn, àwa tí a wà láàárín wọn kò ní ohun tí a lè fi yangàn ju ilé ìwé wa lọ, nítorí àwọn òbí wa ló po amọ̀ rẹ̀ fúnra wọn. Ilé gígùn kan ni, ògiri amọ̀, òrùlé koríko bẹẹrẹ. Iwájú rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà tó wá láti inú ìlú. Ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí pápá ìṣeré, pápá náà sì lọ títí dé etí odò. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan la ilé náà já láti iwájú sí ẹ̀yìn, ibẹ̀ la máa ń gbà sáré jáde nígbà ìsinmi, bí tíṣà kò bá wò wá. Agogo wa kì í ṣe agogo gidi, irin táyà ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti bàjẹ́ ni, wọ́n fi ṣéènì so ó rọ̀ mọ́ igi máńgòrò, ohùn rẹ̀ sì máa ń dé oko.

Ọmọbìnrin kan wà tí a jọ ń jókòó lórí àga gbọọrọ kan náà. Mùsùlùmí ni ilé wọn, Onígbàgbọ́ ni ilé wa, ṣùgbọ́n a kò mọ̀ ju kí a jọ jẹun ọdún méjèèjì lọ. Ọmọ náà láyọ̀, ó sì lójúkòkòrò díẹ̀: ó máa ń gé àkàrà mi jẹ ná kó tó bèèrè pé ṣé kí òun tọ́ ọ wò. Ìyá rẹ̀ ń yan gàrí ní ẹ̀yìnkùlé wọn. Mo rò pé láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìlú wa sílẹ̀, kò tíì sí obìnrin tí ohùn rẹ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá pe ọmọ yìí láti ìdí agbada gàrí, a ó gbọ́ ọ létí odò, ọ̀rẹ́ mi á sì ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nù, ó di eré. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá pè lẹ́ẹ̀kan tí kò dáhùn, ìgbálẹ̀ ni yóò bá a sọ̀rọ̀ nígbà kejì. Ẹ̀kọ́ ilé tó ṣáájú ẹ̀kọ́ ìwé nìyẹn: kí ọmọ máa jẹ́ ìpè. Lóòótọ́ wọ́n máa ń kìlọ̀ fún wa pé bí a bá gbọ́ ìpè ní ọ̀sán gangan tí a kò rí ẹni tó pè wá, kí a má jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ta ni í ṣi ohùn ìyá rẹ̀ mọ̀?

Ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọyẹ́ mú gan-an. Ètè wa bẹ́, koríko gbẹ títí ó fi ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀. Àwọn ọdẹ kan lọ sun ìgbẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà láti lé ọ̀yà jáde, bí wọ́n ti máa ń ṣe lọ́dọọdún. Kò sí ẹni tó ránṣẹ́ sí ilé ìwé, nítorí kò sí ẹni tó ń ránṣẹ́ sí ilé ìwé nígbà náà. A wà nínú kíláàsì, à ń ka ìwé kíkà lọ́wọ́, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé di pupa. Tíṣà wa, ọkùnrin gíga kan tó máa ń jẹ orógbó bí ẹni pé wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún un, yọjú síta lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà wọlé láìsáré. Ó ní, "Ẹ fi ìwé sílẹ̀. Ẹ di ọwọ́ ara yín mú. Ẹ̀yìn la ń lọ." Àwọn tíṣà yòókù náà kó àwọn ọmọ tiwọn jáde, ẹnì kan sì ń lu irin agogo náà láìdáwọ́ dúró. Wọ́n kó gbogbo wa la pápá kọjá, wọ́n fi wá jókòó létí odò níbi tí ilẹ̀ ti mọ́ tí koríko kò sí.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Gbogbo wa la ti jáde. Kò sí ọmọ kan nínú ilé náà mọ́. Tíṣà wa ti kà wá, ó tún wa kà, ó ti ń fi aṣọ nu ojú. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi wà nínú ọwọ́ mi, ó gbóná, ó sì ń rẹ́rìn-ín nítorí pé a kò ní ka ìwé mọ́ lọ́jọ́ náà.

Nígbà náà ni àwọn òbí wa dé. Ohun tí mo ń sọ fún yín ni pé wọ́n nífẹ̀ẹ́ wa, ìfẹ́ ló sì gbé wọn sáré. Ẹni tó ń rokò ju ọkọ́ sílẹ̀, ẹni tó ń rẹ aró fi aró lọ́wọ́ wá. Ṣùgbọ́n láti inú ìlú ni wọ́n ti wá, iwájú ilé ìwé ni wọ́n dé sí. Iná ti mú òrùlé láti igun kan, èéfín ti bo gbogbo rẹ̀, wọn kò sì rí wa lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n rò pé inú ilé la wà. Kí ni ìyá tó bá rò bẹ́ẹ̀ yóò ṣe? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò tíì gbọ́ ariwo bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo orúkọ tó wà ní ìlú wa ló ń ti inú èéfín jáde. Oríkì ń jáde, orúkọ àmútọ̀runwá ń jáde, orúkọ tí a fi ń ṣàpọ́nlé ọmọ nígbà tí ara rẹ̀ kò bá yá ń jáde. Àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Wọn kò sunkún, wọn kò rò ó. Ẹni tó bá gbọ́ tirẹ̀ á dìde ni, bí wọ́n ti kọ́ ọ nílé. Àwọn tíṣà ń na ọwọ́, wọ́n ń di ọmọ mú lẹ́sẹ̀, wọ́n ń fi ara wọn dènà. Mo ń tẹ́tí sílẹ̀ fún orúkọ tèmi. Ìyá mi ti lọ ta ẹ̀gẹ́ ní ọjà Fìdítì lọ́jọ́ náà, bàbá mi wà ní oko ọ̀nà Ìmíní, kò sí ẹni tó pè mí. Inú bí mi. Mo jowú àwọn tí wọ́n ń pè. Mo ń sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí: mo jókòó létí odò, mò ń jowú.

Nígbà tó ṣe, ohùn ìyá ọ̀rẹ́ mi ga ju ti gbogbo wọn lọ. Oríkì ọmọ rẹ̀ ló ń pè. Ẹ má retí pé kí n kọ oríkì náà síbí, n kò ní í kọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi gbọ́. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ nínú ọwọ́ mi. Mo ní, "Tíṣà ní ká jókòó." Ó ní, "Ìyá mi ń pè mí," bí ẹni tó ń dá òmùgọ̀ lóhùn, ó sì ti lọ. Ó gba abẹ́ apá tíṣà kọjá, ó la pápá, ó sì gba ibi tí a máa ń gbà nígbà gbogbo. Ó wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Ìyá rẹ̀ ṣì ń pe oríkì rẹ̀ nígbà tí òrùlé wó lé ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí.

Òun nìkan la sin. Àwọn ọmọ mìíràn jóná lápá, lẹ́sẹ̀, ara wọn sì yá lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù. Láti ọjọ́ náà, ìyá yẹn kò pe ẹnikẹ́ni lórúkọ mọ́ títí ó fi kú. Aládùúgbò wa ni fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àní ìgbà tí mo ti di abiyamọ. Bí ó bá fẹ́ rán ọmọ níṣẹ́, yóò pàtẹ́wọ́ ni, tàbí kó rìn wá títí tí yóò fi dúró níwájú rẹ̀. Ohùn tó ń dé odò tẹ́lẹ̀ wá di ohùn tí a ní láti sún mọ́ ọn ká tó gbọ́.

Wọ́n pe ìpàdé síwájú ilé baálẹ̀. Pásítọ̀ wà níbẹ̀, lèmọ́mù wà níbẹ̀, àwọn ọdẹ, àwọn tíṣà, gbogbo agboolé. A jẹ́ ọmọdé, àwa náà sì ń yọjú láti ẹ̀yìn ògiri. Ẹ̀bi ni wọ́n kọ́kọ́ ń pín fún ara wọn. Wọ́n ní àwọn ọdẹ ló tanná. Àwọn ọdẹ ní bí koríko kò bá yí ilé ìwé ká, iná kò ní rí ọ̀nà débẹ̀. Wọ́n ní tíṣà ni kò di ọmọ mú. Tíṣà wa ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìgbà náà ni ìyá ọmọ náà dìde.

Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé jà nítorí tèmi. Iná kọ́ ló pa ọmọ mi. Ọmọ mi ti bọ́ lọ́wọ́ iná. Èmi ni mo pè é padà. Ohun tí mo fẹ́ kí ìlú yìí ṣe fún mi kò ju ẹyọ kan lọ. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má pe ọmọ rẹ̀ mọ́."

Bàbá kan, ẹni rere tí kò rò ó jinlẹ̀, ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ó ní bí iná bá ń jó, ọmọ tòun lòun ó kọ́kọ́ wá.

Ìyá náà wò ó. Ó ní, "Ìlẹ̀kẹ̀ wà nílé mi, bàbá. Ìdí tí n ó so ó mọ́ ni n kò rí mọ́."

Bàbá náà jókòó. Bí wọ́n ṣe fi òfin lélẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọdẹ kò gbọdọ̀ tanná sí ìgbẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n ránṣẹ́ sí ilé ìwé ṣáájú. Agboolé kọ̀ọ̀kan yóò máa wá ro etí ilé ìwé kí ọyẹ́ tó dé, kí iná má rí nǹkan jẹ. Bí agogo bá dún láìdákẹ́, ẹni tó bá dé yóò fa ọmọ tó bá sún mọ́ ọn jù lọ́wọ́, ì báà ṣe ọmọ orogún rẹ̀, yóò sì mú un lọ sí àgbàlá mọ́ṣáláṣí, nítorí yanrìn ló wà níbẹ̀, òrùlé páànù ló sì ní. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ló ní kó jẹ́ mọ́ṣáláṣí. Ibẹ̀ nìkan ni òbí ti lè wá ojú ọmọ tirẹ̀ rí. Títí wọn yóò fi dé ibẹ̀, gbogbo ẹnu gbọdọ̀ dákẹ́.

Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ bọ̀, wọ́n máa ń dán an wò. Agogo á dún, ìlú á sì tú jáde. Ẹ fojú inú wò ó: gbogbo ìlú ń sáré, obìnrin, ọkùnrin, arúgbó, kò sí ohùn kan. Ẹsẹ̀ nìkan lẹ ó máa gbọ́, àti mímí. Ìyá mi á sáré kọjá lára mi, yóò rí mi, yóò gbójú kúrò, yóò sì fa ọmọ ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí ju iná lọ. Ìgbà tí mo bímọ tèmi ni mo tó mọ ohun tó ń ná an. Iná tún wá lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn, ó jó apá kan ilé ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó fara pa. Àgbàlá mọ́ṣáláṣí ni àwọn ìyá ti sunkún lọ́jọ́ náà, tí kálukú wọn sì di ọmọ mọ́ra.

Báwo ni irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣe ń kú? Ó ń kú díẹ̀díẹ̀ ni. Wọ́n fi páànù bo ilé ìwé, àwọn èèyàn ní iná kò lè mú un mọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kú, àwọn ọmọ wọn lọ sí Ìbàdàn, àwọn mìíràn lọ sí Èkó. Àwọn tó ń ra irin kiri ra agogo wa, wọ́n gbé e lọ tòun ti ṣéènì rẹ̀. Èmi náà lọ ta ọsàn ní Ọ̀yọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìgbà tí mo padà wálé láti wá sinmi, kò sí ẹni tó rántí mọ́. Mo kọ́lé sí òdìkejì ilé ìwé. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ń lọ síbẹ̀. Ọlọ́run ló fún mi ní ọmọ yẹn ní ìgbẹ̀yìn ayé mi, òun lẹ̀mí mi, n kò sì tijú láti sọ ọ́.

Iná kọ́ ló ń dẹ́rù bà wá lásìkò yìí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí à ń bẹ̀rù. Láyé ìgbà tiwa, ta ló lè gbọ́ pé èèyàn yóò wọ ilé ìwé lọ jí ọmọ kó? Àwọn àgbà ní ọmọ kú yá ju ọmọ nù lọ. Nígbà tí mo sin ọ̀rẹ́ mi, mo rò pé mo ti mọ ohun tó burú tán. Ní báyìí mo ń wo ọ̀kadà tó ń gba ojú ọ̀nà oko kọjá lẹ́yìn ilé ìwé ní ìrọ̀lẹ́, tí àwọn tó gùn ún kì í kí èèyàn. Ará ìlú wa kan kì í kọjá níwájú àgbà láìkí i. Mo ti sọ fún àwọn ọdẹ. Wọ́n ní àwọn náà ti ń wò wọ́n.

Ìlú kò ká ọwọ́ gbera o, n kò lè purọ́ mọ́ wọn. Àwọn òbí, àwọn tíṣà, àwọn ọdẹ, pásítọ̀ àti lèmọ́mù pàdé, owó jáde, wọ́n mọ odi yí ilé ìwé ká, wọ́n fi géètì onírin kan sí iwájú. Àwọn ọdẹ ń ṣọ́ ọ. Wọ́n gbé fèrè oníná kan sórí òrùlé, bó bá ké, ará Ìlọrà á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ní kí wọ́n dán gbogbo rẹ̀ wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ̀wé nípa ètò ààbò wá láti darí ètò náà. Wọ́n fi ìkéde ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo òbí pé ìdánrawò lásán ni, kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù. Mo gbé àga mi síta, mo jókòó láti wòran.

Fèrè ké. Láti orí àga mi, láàárín irin géètì àti ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé, mo rí àwọn ọmọ, bí wọ́n ṣe ń tò jáde sí pápá ẹ̀yìn, ọwọ́ dídì mú, kò sí ìjà, kò sí ariwo. Wọ́n jókòó sórí ilẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn òbí ń bọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ìdánrawò ni, fóònù tí wọ́n fi kà á wà lọ́wọ́ wọn, síbẹ̀ wọ́n ń sáré. Wọ́n dé géètì, wọ́n di irin rẹ̀ mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ wọn.

Àwọn ọmọ dìde. Bí mo ṣe rí i nígbà yẹn náà ni mo tún rí i. Àwọn tíṣà na ọwọ́, àwọn ọmọ gba abẹ́ ọwọ́ wọn, wọ́n ń sáré bọ̀ wá síwájú, síbi géètì. Ẹ sì rò ó: bí ajínigbé bá dé, ibo ni yóò gbà wọlé? Géètì yẹn ni. Ibi tó burú jù lọ nínú gbogbo ọgbà náà ni à ń pe àwọn ọmọ sí. Mo fẹ́ kígbe pé kí wọ́n dákẹ́. N kò mọ ìgbà tí mo dìde. N kò mọ bí mo ṣe la títì. Mo kàn bá ara mi létí géètì ni, ọwọ́ mi wà lára irin, oríkì ọmọ ọmọ mi sì ń jáde lẹ́nu mi. Èmi tí mo mọ̀! Èmi tí mo di ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi mú! Òun ló sì ṣáájú gbogbo wọn dé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ pè mí?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń yin gbogbo wa. Ó ní, "Ẹ káre o, ẹ̀yin òbí. Ẹ tètè dé gan-an."

Mo ní, "A tètè dé, òótọ́ ni. A sì tètè pa àwọn ọmọ náà."

"Háà! Màmá!" Gbogbo wọn ló pariwo mọ́ mi. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ má fẹnu yín sọ bẹ́ẹ̀ mọ́!"

Mo sọ ìtàn náà fún wọn níbẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́ abiyamọ kan tó gbé ọmọ pọ̀n ní, "Màmá, ẹ má bínú sí mi o. Ṣé kí n dé ibi tí ọmọ mi wà, kí n wá dákẹ́ bí odi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, "Màmá, ìgbà tiyín nìyẹn. Fóònù ti wà báyìí, a ó máa sọ fún wọn lórí fóònù." Mo bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé ẹ kò sọ fún wọn lórí fóònù lónìí ni?" Ó họ orí. Kì í ṣe ọmọ burúkú, ó kàn jẹ́ pé ìwé tó kà kò mọ bí ìyá ṣe rí ni. Ọ̀gá ilé ìwé, obìnrin tó mọ ohun tó ń ṣe, dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Mo gbọ́ yín, mà. A ó gbé e wá sí ìpàdé tó ń bọ̀." Ìpàdé náà kò tíì wáyé. Òkú àgbà kan ni wọ́n ń sin lọ́sẹ̀ yìí, gbogbo ìlú ló wà nídìí rẹ̀, wọ́n ní ó di lẹ́yìn ìsìnkú.

Ọyẹ́ kò mọ̀ pé wọ́n ń sìnkú. Ó ti dé. Koríko ẹ̀yìn odi ti gbẹ, kò sí ẹni tó ro ó. Ọ̀kadà yẹn tún kọjá ní àná, ó yípo wá síwájú, ó dúró díẹ̀ níbi géètì, kó tó lọ.

Mo pe ọmọ ọmọ mi jókòó lọ́jọ́ kejì ìdánrawò náà, a jọ ń bó ẹ̀gúsí. Mo ní, "Gbọ́ mi. Bí fèrè yẹn bá ké, ibi tí tíṣà bá fi ẹ́ sí ni kí o wà. Bí o bá gbọ́ ohùn mi, má dá mi lóhùn."

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti ń dàrú. "Bó bá jẹ́ ẹ̀yin gan-an lẹ pè mí ńkọ́, mà?"

"Bó bá jẹ́ èmi gan-an. Bí mo bá ń sunkún pàápàá. Má wá."

Ó ní òun gbọ́. A bó ẹ̀gúsí tán, ó lọ síta lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Mo dúró títí ó fi gbàgbé mi, mo sì lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fi oríkì pè é. N kò tíì pè é tán tí mo fi gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó yọ sí mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní, "Kí ni mo sọ fún ẹ?" Ó ní, "Ohùn yín ni mo gbọ́, mà." Omi bọ́ lójú mi.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Òrùlé koríko ti lọ, páànù ló kù. Irin agogo ti lọ, fèrè oníná ló ń ké. Ohun tí à ń bẹ̀rù nígbà náà ń fi èéfín hàn kó tó dé, ti ìsinsìnyí ń gun ọ̀kadà, kò sì ní èéfín. Ọ̀pọ̀ nǹkan tí ẹ ní báyìí ló dára ju tiwa lọ, odi yẹn dára, n kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí odi. Ṣùgbọ́n ìlú kan wà nígbà kan tó kọ́ gbogbo ìyá inú rẹ̀ láti pa ẹnu mọ́, nítorí obìnrin kan ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún òun, ìlú náà sì ti gbàgbé obìnrin yẹn. Mo ń lọ bá ọ̀gá ilé ìwé lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́la, ìsìnkú bá parí, kò bá parí. Títí wọn yóò fi gbọ́ mi, èyí tí agbára mi ká ni mò ń ṣe. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, tí ọmọ ọmọ mi bá ń ṣeré níta, mo máa ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé, n ó pè é pẹ̀lú gbogbo ohùn mi, n ó sì máa gbàdúrà pé kó má dá mi lóhùn.